Ìpè Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

"Àna mi, ṣé ibùsùn wà níbẹ̀, àbí ká di ẹní tiwa dání?"

Ohùn Fíkírì kì í rọlẹ̀ nínú fóònù; bí ẹni tó ń pe ará ìta láti orí òrùlé ni. Hílímì gbé fóònù náà jìnnà sétí díẹ̀. Búrẹ́dì tó fi bu wàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì dé ẹnu.

"Ẹní kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ẹní ibo?"

"Ti Ráásì-Bárì ni mò ń wí! Mo ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù keje la ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ ọmọ, àti Màmá. Má ka àwọn ọmọdé o, ẹsẹ̀ wa ni wọ́n ó máa sùn sí. A ó wà lọ́dọ̀ yín títí ilé-ìwé yóò fi fẹ́ wọlé. Ìwọ náà lo ṣáà sọ pé ilé wa ni."

Kí ni ẹnu fẹ́ sọ? Hílímì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ilé yín ni."

"Ọlọ́run á bù sí i fún ọ! Mo máa ń sọ fún wọn níbí pé ará Dúmíyátì kan wà tó yàtọ̀."

Fóònù kú. Inṣírà, ìyàwó Hílímì, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí nù ún. Àbúrò Fíkírì ni, kò sì sí bí Fíkírì ṣe lè sọ̀rọ̀ nínú fóònù kí ará ilé má gbọ́. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọge.

"Wọ́n ń bọ̀," ló wí. "Bàbá Yúmínà, wọ́n ń bọ̀ lóòótọ́!"

Hílímì gbé búrẹ́dì náà padà sínú àwo.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó dé bá a, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí kálukú wọn ti wá. Ọmọ Dúmíyátì ni Hílímì, ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, níbi tí wọ́n ní bí àlejò bá wọlé lálẹ́, wọ́n á bi í tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Ṣé ẹ máa jẹun ni, àbí ẹ máa sùn fúyẹ́?" Ọmọ Ṣàríkíyà ni Inṣírà, ọmọ àwọn tí wọ́n ní wọ́n dá ọkọ̀ ojú irin dúró nígbà kan lóṣù ààwẹ̀, tí wọ́n pe gbogbo èrò inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá ṣínu. Irọ́ ni o, òótọ́ ni o, a ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí àwọn méjèèjì ti fẹ́ra, ẹ̀fẹ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń ṣe iyọ̀ ilé wọn. Bí Inṣírà bá se ẹran púpọ̀, Hílímì á bèèrè bóyá ọkọ̀ ojú irin kan ń bọ̀. Bí Hílímì bá pa iná yàrá tí ènìyàn ṣì wà nínú rẹ̀, Inṣírà á ké láti inú òkùnkùn pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sùn fúyẹ́."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Hílímì. Láti kékeré ló ti ń gbẹ́ òdòdó àti ewé sára bẹ́ẹ̀dì ìyàwó àti àga ọlọ́lá nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Mutáwálì. Ọnà ọwọ́ rẹ̀ ti dé ilé àwọn ènìyàn ńlá. Eruku igi náà sì ti dé ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀. Dókítà ti ní kó jìnnà sí i bó bá fẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá òun láyé. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó sọ ọ́ ló ti ń múra. Irú iṣẹ́ tiwọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì tó ṣeé gbójú lé. Ohun tí ènìyàn bá fi pamọ́ ni yóò bá. Nítorí náà, fún ogún ọdún, bí wọ́n bá ń dá èsúsú ní ṣọ́ọ̀bù, Hílímì ló máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó kẹ́yìn. Ẹni tó kó ṣíwájú á fi ṣègbéyàwó ọmọ, á fi ra fíríìjì. Nígbà tó bá fi máa kan ẹni ìkẹyìn, ariwo ìnáwó ti lọlẹ̀, yóò rọra gbé tirẹ̀ lọ sílé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wọ báǹkì, ó sì ń bímọ lóṣooṣù. Díẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù kékeré nísàlẹ̀ ilé wọn, tí ẹnìkan tó ń ta ìṣó àti gọ́ọ̀mù háyà. Èyí tó pọ̀ jù di ilé oníyàrá méjì ní Ráásì-Bárì, níbi tí odò Náílì ti ń bọ́ sínú òkun. Kò kọjú sí òkun, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yọrí ní fèrèsé dáadáa, yóò rí i.

Ètò náà ṣe rẹ́gí. Owó báǹkì á ra búrẹ́dì, owó ṣọ́ọ̀bù á san iná àti oògùn, owó tí àwọn ará Káírò bá fi háyà ilé òkun lóṣù keje àti oṣù kẹjọ ni yóò gbé wọn la ìgbà òtútù já. Hílímì ti ṣe ètò aṣọ òkú pàápàá. Ohun ìgbádùn kan ṣoṣo tó fi sí i ni ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, àlòkù, tó ti bá olówó rẹ̀ nájà tán, tí yóò máa wà lọ pẹja láàárọ̀. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni yóò gbé irin ìgbẹ́nà sílẹ̀. Ó ti sọ fún Alhaji. Ilé òkun náà ti rí ayálégbé, dókítà eyín kan ní Káírò, tó ti san àsansílẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún Iléyá tó kọjá ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n lọ kí àwọn àna ní abúlé wọn lẹ́bàá Bíllíbésì. Pẹ́pẹ́yẹ ń wọlé, ìrẹsì ń wọlé, Fíkírì ń fọwọ́ ara rẹ̀ já ẹran fún Hílímì. Ẹnìkan béèrè nípa ilé tó rà. Hílímì nu ẹnu, ó ní, "Ilé yín ni o! Ẹ wá lo ìgbà ooru níbẹ̀, gbogbo yín pátá."

Ní Dúmíyátì, kò sẹ́ni tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè tàn jẹ. Ìpè ọlọ́kọ̀ ojú omi ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́kọ̀ wà láàárín odò, ó ń jẹun. Ó rí ọ létí bèbè, ó ké sí ọ pé kó o wá bá òun jẹ ẹ́. Ó mọ̀ pé o ò lè lúwẹ̀ẹ́ wá. Ìwọ náà mọ̀. O ó dáhùn pé yóò gba ibi ire, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Hílímì kàn gbàgbé ibi tó jókòó sí. Ní Ṣàríkíyà, bí wọ́n bá ní wá, wá ni wọ́n ní. Bí o bá sì ní kí wọ́n wá, wọ́n ti ń wá bàtà. Màmá Nabawíyà, ìyá Inṣírà, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ dáhùn níjọ́ náà. "A gbọ́," ni ìyá wí. "A ó wá." Inṣírà tó ń gbé àwo lọ dúró gbagidi, omi lé sí i lójú. Hílímì rò pé àlùbọ́sà ni.

"Ìyá Yúmínà, jókòó," ló wí fún un nísinsìnyí.

"N ò jókòó. Ẹni tó bá ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ burúkú ló fẹ́ sọ."

"Dókítà eyín ti san àsansílẹ̀ oṣù keje àti oṣù kẹjọ."

"Dá a padà fún un."

"Kí la ó wá jẹ nígbà òtútù?"

"Ọlọ́run ń bẹ."

"Ọlọ́run ń bẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní ká ṣètò." Hílímì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo sọ. Bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí náà ni mo sọ ọ́."

Inṣírà wò ó títí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó. "Ìpè ọlọ́kọ̀ ojú omi lo pe ìyá mi?"

Hílímì wo búrẹ́dì inú àwo.

"Ǹjẹ́ o mọ ohun tí àwọn ìyàwó ilé wa ń pè mí? Ìyàwó Sùn-Fúyẹ́. Bí mo bá dé, wọ́n á ní, 'Ẹ fún un lóúnjẹ kíákíá, kò tíì jẹun láti ọdún tó kọjá.' Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń dùn mí. Ṣùgbọ́n níjọ́ Iléyá yẹn, tí o lanu tí o pe gbogbo wọn, mo gbórí sókè, Hílímì. Mo gbé orí mi sókè níwájú wọn. Mo ní ẹ wò ó, ọkọ mi nìyẹn."

Ìgbà mélòó ni Inṣírà ti pè é lórúkọ rí? Hílímì fẹ́ sọ nǹkan, ikọ́ ni ó jáde. Ikọ́ náà gùn, ó fà á tẹ̀ wálẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́ kan tábìlì. Inṣírà ti dìde kó tó parí. Ó bu omi fún un, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn yíká, bó ṣe máa ń ṣe fún Yúmínà ọmọ wọn kó tó lọ sílé ọkọ ní Pọ́ọ̀tù Sàídì. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ohùn rẹ̀ náà ti rọlẹ̀.

"Pè wọ́n," ló wí. "Sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Àyà rẹ ju ẹ̀rín wọn lọ. Èmi á gbé e mì."

Ó padà sídìí àwo tó ń fọ̀. Hílímì ì bá yàn kó bú òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi fóònù yẹn sọ ọ́, Inṣírà kì yóò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé, òun yóò sì máa rí i lójú rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ bí òun kò bá sì sọ ọ́, iṣẹ́ eruku kò tán nìyẹn. Kò pe ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀, ó gbẹ́ ewé tó kẹ́yìn sí orí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọ́n ń gbé lọ sí Tántà. Alhaji Mutáwálì po tíì fún un nínú ife tó mọ́ jù. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ju ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lọ, nítorí náà Hílímì ro ọ̀rọ̀ náà fún un.

"Ìwọ pẹ̀lú irú ẹnu yẹn!" Alhaji na ọwọ́ sókè. "Ta ló ń pe ará Ṣàríkíyà wá jẹun? Ènìyàn kì í pe iná wá sórí òrùlé. Wò ó, purọ́ fún wọn. Sọ pé òrùlé ń jò."

"Nínú ooru yìí, Alhaji? Òjò wo?"

"Páìpù omi bẹ́, nígbà náà."

"Fíkírì á kó bíríkìlà méjì àti páìpù wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tún gbogbo ilé kọ́. Á tún wá fi àjà kan kún un kí àyè lè gba àlejò dáadáa."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rín mọ́, ó wo àyà Hílímì bí ẹni ń wo igi tí kòkòrò ti wọ̀. "Àyè rẹ ṣì wà níbí. Bí mo bá rí ọ láàárọ̀ Sátidé, n ò ní bi ọ́ ní nǹkankan. Lo ọdún kan sí i, kí owó ilé òkun tí wọ́n fẹ́ jẹ lè padà. Bí n kò bá rí ọ, màá mọ̀ pé ó ti yanjú, màá fi ẹlòmíì síbẹ̀." Ó tún bu tíì sí i. "Ṣùgbọ́n bí o bá wá, fi nǹkan bo imú rẹ. N ò fẹ́ kí Inṣírà wá bá mi jà."

Ọdún kan sí i. Hílímì gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó gbé e sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń kírun ọdún.

"Ibo lò ń lọ?" Inṣírà bi í.

"Abúlé yín. Irú ọ̀rọ̀ yìí, ojú la fi ń sọ ọ́."

Inṣírà kò bi í pé èwo ni yóò sọ. Ó kàn bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Ní ibùdókọ̀, Hílímì ra àkàrà aládùn ìlú wọn, páálí tó tóbi jù nínú gbogbo páálí. Ẹni tó ń tà á mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú.

Irun Jímọ̀ ti tán kó tó dé. Kò tíì rékọjá ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ fi rọ́ lù ú, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó létí fèrèsé nínú mọ́tò. Ọ̀kan ti gbé táyà rọ́bà kọ́rùn, ó ní òun fi ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀. Fíkírì gbá a mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀.

"Àna mi! Wá wo nǹkan!" Ó fà á lọ sí igun kan, ó tú ẹnu àpò ńlá kan. Sálúbàtà onírọ́bà ló kún inú rẹ̀, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, ti àgbà àti ti ọmọ ọwọ́. "Wọ́n ní iyanrìn òkun máa ń jóni lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tí mi ò rà fún. Tìrẹ náà wà níbẹ̀."

Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Ìrẹsì wà, ewédú wà, ehoro méjì wà láàárín àwo, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Màmá Nabawíyà jókòó sórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ìka mẹ́ta jẹ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Hílímì dúró dìgbà tí wọ́n wọ ilé ìdáná, tó ku òun, Fíkírì àti ìyá.

"Ẹ̀gbọ́n, Màmá, ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Iléyá, bí àwọn ará ilé wa ṣe ń sọ ọ́ ni mo sọ ọ́."

Fíkírì ń fa itan ehoro ya fún un. "Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?"

"Láìní í lọ́kàn."

Ọwọ́ Fíkírì dúró. Hílímì kò dákẹ́, nítorí pé bó bá dákẹ́, kò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó sọ ti eruku, ó sọ ti dókítà, ó sọ ti ogún ọdún èsúsú àti ti ilé tí owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ wọn nígbà òtútù. Ó ní bí wọ́n bá gbé ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru, òun yóò padà sídìí igi ní Sátidé. Kò fi ohùn arò sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Nítorí náà, o ò pè wá," ni Fíkírì wí.

"N ò pè yín, ẹ̀gbọ́n. Ojú ń tì mí."

Ojú Fíkírì ti yí padà. Ènìyàn tó ń pariwo ní gbogbo ìgbà, bó bá dákẹ́, ilé máa ń dà bí ilé ọ̀fọ̀. Ó gbé itan ehoro náà kalẹ̀. Ohun tó fọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà ni ẹ̀rín Màmá Nabawíyà, ẹ̀rín ẹni tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Fíkírì, máa jẹun rẹ," ni ìyá wí. "Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ọdún mélòó ni mo ti fi ọmọ fún ará Dúmíyátì? Mo mọ ìpè tó ní afárá, mo mọ èyí tí kò ní. Bí ọmọ yìí ṣe lanu ni mo ti mọ̀ pé àárín odò ló wà. Mo ti fẹ́ sọ pé yóò gba ibi ire. Mo wá wo iwájú, mo rí Inṣírà tó dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀. Ọmọ mi, ìgbà tí mo rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ kẹ́yìn, kò tíì mọ irun ara rẹ̀ dì. Èmi ni kí n wá pa á rẹ́? Mo ní a ó wá." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ra wọn. "Èmi ni mo tì ọ́ sínú omi. Má bínú."

"Màmá!" Fíkírì dìde lórí orúnkún. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n ra gbogbo sálúbàtà yẹn?"

"Inú rẹ ń dùn. Kí ni kí n ti sọ?"

Hílímì kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Fíkírì náà kò sì lè dì í mọ́ra pẹ́. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ìyá fi ọwọ́ kan orúnkún Hílímì.

"Jẹ́ kí dókítà rẹ máa bọ̀. Gbà wá lálejò fún ọjọ́ kan ṣoṣo kó tó dé. Kí ọmọ mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wa nínú ilé ara rẹ̀, kí àwọn ìyàwó wọ̀nyí jẹ ẹ́, kí wọ́n sì rí i. Lẹ́yìn náà a ó máa bọ̀ nílé. Má padà sídìí eruku nítorí tiwa."

Ọjọ́ kan. Ó rọrùn, kò ba nǹkan kan jẹ́ nínú ètò rẹ̀. Ó yẹ kí Hílímì dúpẹ́, kó bu ewédú lé ìrẹsì, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ro ètò náà, ètò tó rò pé ó pé. Ó ti ṣètò búrẹ́dì, ó ti ṣètò iná, ó ti ṣètò oògùn. Ó ṣètò de ikú tí kò ní wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ de àlejò. Ogún ọdún ló fi ra àkókò tó ń bọ̀ yìí, kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí pé ta ni yóò bá òun lò ó. Ó rí ara rẹ̀ àti Inṣírà nínú yàrá méjì, fún ìgbà òtútù kan, fún ìgbà òtútù méjì, tí kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn. Ó wo ìyá arúgbó náà tí kò tíì fojú kan òkun láti ọjọ́ tó ti dáyé, tó sì ń fi ọjọ́ kan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kí ọmọ rẹ̀ lè gbórí sókè.

"Ọjọ́ kan kò tó," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì."

Fíkírì wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Àna mi, má bínú o. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ ni, àbí bí a ṣe ń sọ ọ́ níbí?"

"Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ níbí."

Inú mọ́tò tó gbé e padà ló ti pe dókítà eyín. Dókítà náà ráhùn, ó ní òun ti gba ọjọ́ ìsinmi, ó ní kí ó yọ owó díẹ̀ kúrò fún òun bí òun bá máa dé ní agbedeméjì oṣù. Hílímì yọ ọ́. Ó pe olówó ọkọ̀ ojú omi, ó ní kó ta á fún ẹlòmíì, èyí sì dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ti dé nígbà tó wọlé. Inṣírà jókòó sídìí tábìlì, kò tan iná, kò ṣe nǹkan kan. Àpò ìrẹsì méjì tí onímọ́tò bá Hílímì gbé dé ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí.

"O sọ fún wọn," ló wí. "Fíkírì kì í jẹ́ kí ènìyàn lọ lọ́wọ́ òfo, kódà bó bá ń bínú."

"Mo sọ fún wọn. Màmá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí sálúbàtà dé orí ọ̀sẹ̀ méjì. Inṣírà bo ẹnu rẹ̀ níbi ti ìyá rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí tó fi parí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ló wí. Òun ló wá ń ṣírò báyìí. "Ìdajì oṣù keje nìyẹn, àti ohun tí dókítà já. Nínú kí ni o ti fẹ́ yọ ọ́?"

"Nínú ọkọ̀ ojú omi."

"Hílímì. O fẹ́ ọkọ̀ yẹn."

"Ìgbà wo ni mo lúwẹ̀ẹ́ rí? Bí mo bá ṣubú sódò, ta ni yóò yọ mí? Màá jókòó sórí òkúta pẹ̀lú àwọn baba yòókù, ká máa parọ́ nípa ẹja tó já."

Inṣírà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán nínú rẹ̀. "Sátidé ńkọ́? Ọ̀la ni Sátidé."

"Ọ̀la, màá sùn títí oòrùn yóò fi gba ojú mi. Alhaji á dúró, dúró, á sì mọ̀."

Inṣírà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí irin ti gé níbi púpọ̀. Hílímì fi ọwọ́ kejì wá fóònù. Ó pe nọ́ńbà Fíkírì, ó ní kó gbé e fún Màmá. Ó gbọ́ tí ilé kún fún ariwo lọ́hùn-ún, ó gbọ́ tí ìyá ń bèèrè apá ibi tí wọ́n ń gbé sí etí lára fóònù.

"Màmá, Hílímì ni o. Mo fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín kí ẹ tó dé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí n tẹ́ ẹ sí, kí ẹ máa rí òkun díẹ̀, àbí atẹ́gùn ibẹ̀ á pọ̀ jù fún yín?"

Ó tẹ́tí. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ìyá ń rí i. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí n tẹ́ ẹ síbi tí òun á ti máa gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé ìdáná."

Inṣírà na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.